Inú Ni Tàbí Òde? Ìtàn Ààlà Ilẹ̀ ní Ìkẹjà àti Agége

Ìbéèrè kan wà tí kò gùn rárá, ṣùgbọ́n tí ó ti tú ọ̀pọ̀ agboolé ká ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè náà ni pé: inú ni tàbí òde? Bí a bá fi ìka kan ibì kan lórí ilẹ̀, ǹjẹ́ inú ààlà wa ni ibẹ̀ wà, tàbí òde rẹ̀? Àgbẹ̀ ń bèèrè rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ń bèèrè rẹ̀, ìjọba pẹ̀lú ń bèèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí kọ́ ilé iṣẹ́. Ní ayé òde òní, ìbéèrè yìí kan náà wà lára àwọn tí a ń gbé ka iwájú àwọn ọmọ yunifásítì nínú ìdíje kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kùnà rẹ̀ níbi tí wọn kò fọkàn sí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìbéèrè àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe àlejò láàrin wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Ìkẹjà àti Agége ti ṣe kúrò ní oko obì tí wọ́n fi di ìlú ilé iṣẹ́, kò lè ṣe kí ó má kan ìbéèrè náà lójú ọ̀nà.

Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ tí a ń wí yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, wọn kì í fi nọ́ńbà dáhùn ìbéèrè wa. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, nítorí pé pèrègún kì í tètè kú. Bí a bá gé e, á tún rúwé. Níbi tí odò bá wà, odò ni ààlà. Níbi tí òkìtì ọ̀gán tàbí igi ńlá bá wà, wọ́n á fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n kan nínú ìṣe yìí. Kò di dandan kí a gbin pèrègún yí gbogbo oko ká bí ọgbà. Ibi tí ààlà bá ti yà ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé láti igun kan dé igun kejì, ojú lásán lè fa ìlà náà tọ́. Ẹni tí ó bá mọ gbogbo igun ilẹ̀ kan, tí ó sì mọ bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, ti mọ ilẹ̀ náà. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú. Ohun tí ó kù ni ẹ̀rí ènìyàn: àgbà a mú ọmọ dání, wọ́n á jọ rin ààlà, á máa fi hàn án pé, “Títí dé ibí ni tiwa.” Bí àgbà náà bá kú kí ó tó fi han ọmọ, ìjà dé nìyẹn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni irú ìdáhùn mìíràn ti wọ ilẹ̀ wa. Òyìnbó kò mọ pèrègún. Ohun tí ó mọ̀ ni ìwé. Ní ìlú tiwọn, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Edmund Gunter, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó ṣètò rẹ̀ ní 1620. Gígùn ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66, ó sì ní oríkèé 100. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ kan bá gùn ní ẹ̀wọ̀n 10, tí ó sì fẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n 1, éékà kan géérégé ni.

Lára àwọn ọmọ wa tí ó kọ́kọ́ gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ wọn ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. A bí i ní 1864. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1893 ó padà dé, wọ́n sì fi ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ awọnlẹ̀ ṣe. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú, wọ́n sì máa ń gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ wíwọ̀n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ó mọ ohun tí ìlà orí ìwé lè ṣe fún ènìyàn, àti ohun tí ó lè ṣe sí ènìyàn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá, tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, sì gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní London, Macaulay ni ó bá a lọ ní 1920. Ní 1921 wọ́n dá Olúwa láre. Wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀ lápapọ̀, ìjọba sì níláti san owó fún wọn bí onílẹ̀. £22,500 ni owó náà jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ẹjọ́ yìí ni pé ìṣirò lè sọ ibi tí ilẹ̀ dé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀ràn méjì ni. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ yóò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Agége. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Nígbà tí ó fi di 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn. Agége àti Ìkẹjà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní àkókò yìí náà ni àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà kò tà fún mọ́ kọjú sí oko. Ẹni tí ó lókìkí jùlọ nínú wọn ni J. K. Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfakọ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Kòkó ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Lẹ́yìn náà, obì Agége gba ojú irin lọ sí ilẹ̀ Hausa, orúkọ rẹ̀ sì kàn níbẹ̀. Ìyípadà ńlá ni èyí jẹ́ fún ọ̀ràn ààlà. Ẹni tí ó gbin àgbàdo yóò kórè rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, ó sì lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó gbin kòkó tàbí obì ti so ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà fún ìran kan tàbí méjì. Ní ọjọ́ tí igi bá ti lè pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ẹ̀rí ẹnu kò tó mọ́. Ènìyàn á fẹ́ ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni ààlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní 1951, òfin ìjọba tuntun da Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1954 wọ́n tún yọ Èkó kúrò, wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi Ìkẹjà àti Agége sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ó sì gba Ìkẹjà àti Agége mọ́ra. Ní 1976 Ìkẹjà di olú ìlú rẹ̀. Ọkùnrin kan lè jókòó sí abẹ́ igi obì kan ṣoṣo ní Agége láti 1950 títí di 1970, kí ó sì ti wà nínú ìjọba mẹ́ta láìgbé ẹsẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣí nídìí; ìlà ni ó ń rìn lórí rẹ̀.

Àkókò tí Ìkẹjà wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni ilé iṣẹ́ ibẹ̀ gbèrú. Èbúté wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbalasa wà ní Ìkẹjà, ojú irin kọjá níbẹ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nítorí náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba ilẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó là á sí ọ̀nà, ó fa iná àti omi dé ibẹ̀, ó sì pe àwọn ilé iṣẹ́ wá. Ọ̀kan nínú àwọn òpópónà rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Ní àwọn ọdún 1960, Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀, Guinness ń pọn ọtí, Cadbury sì ń ṣe ohun mímu ní Agídíńgbì. Òfin 1917 ni ó fún ìjọba ní agbára láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn kí ó sì san owó gbà-má-bínú. Iye tí ìdílé kan yóò gbà rọ̀ mọ́ ìbéèrè méjì: apá ibo nínú ilẹ̀ wọn ni ó bọ́ sínú ìlà ìjọba? Báwo ni apá náà sì ti tóbi tó? Ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò méjèèjì níláti gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe wọ́n níhìn-ín ní gbangba, ní èdè wa, kí ẹ lè rí i pé kò sí awo nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títóbi. Gbogbo ènìyàn ní Ìkẹjà àti Agége mọ̀ pé púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òòró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 7,200 ni, ó sì kù díẹ̀ kí mẹ́fà irú rẹ̀ pé éékà kan. Nísinsìnyí, ẹnì kan fẹ́ ta púlọ́ọ̀tì fún yín. Ó mú okùn dání, ó fi wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín: 120, 60, 120, 60. Okùn kò gùn jù, kò kúrú jù. Ṣé púlọ́ọ̀tì pé? Ẹ má tíì sanwó. Okùn ti sọ òótọ́ nípa ẹ̀gbẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan nípa igun. Àpótí ìṣáná tí a ti tú inú rẹ̀ dà nù, tí a wá fi ọwọ́ tẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò kúrú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìṣáná tí ó lè gbà ti dín kù.

Awọnlẹ̀ kì í fọkàn tán okùn nìkan. Ó máa ń yan ibì kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀, á wá fún igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: bí ó ti jìnnà tó sí ìhà ìlà-oòrùn, àti bí ó ti jìnnà tó sí ìhà àríwá. Ká ní igun àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 àti 0. Igun kejì jẹ́ 120 àti 0. Igun kẹta jẹ́ 156 àti 48. Igun kẹrin jẹ́ 36 àti 48. Ẹ wọ̀n ọ́n wò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 120, 60, 120, 60 gẹ́gẹ́ bí okùn ti wí. Ọ̀nà tí a fi ń mọ títóbi rẹ̀ nìyí. Ẹ mú igun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ẹ sọ nọ́ńbà ìlà-oòrùn ti àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà àríwá ti èkejì di púpọ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà ìlà-oòrùn ti èkejì àti nọ́ńbà àríwá ti àkọ́kọ́ di púpọ̀. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí ilẹ̀ náà ká títí ẹ ó fi padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì.

Láti igun kìíní sí ìkejì, 0 ni a rí. Láti ìkejì sí ìkẹta, 120 lọ́nà 48 jẹ́ 5,760, a kò sì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, 156 lọ́nà 48 jẹ́ 7,488, 36 lọ́nà 48 jẹ́ 1,728. Bí a bá yọ ọ́, ó ku 5,760. Láti ìkẹrin padà sí ìkíní, 0 ni. Àròpọ̀ jẹ́ 11,520. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 5,760. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n pè ní 7,200 ti di 5,760. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ta á kò sì pa irọ́ kan nípa okùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni òtítọ́ fi bá ti okùn yìí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Meister, olùkọ́ kan ní yunifásítì Göttingen ní Jámánì, kọ nípa rẹ̀ ní 1769. Wọ́n tún máa ń fi orúkọ Gauss pè é, ọ̀mọ̀wé ńlá ìlú kan náà, tí òun tìkára rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún láti 1820 lọ nínú igbó àti lórí òkè, tí ó ń wọn ilẹ̀ Hanover. Ó yẹ kí inú wa dùn láti mọ̀ pé àgbà onímọ̀ ìṣirò náà ti bá ẹ̀fọn àti ẹrẹ̀ jà nídìí ààlà gẹ́gẹ́ bí àwọn awọnlẹ̀ wa.

Ó ku ìbéèrè inú àti òde. Ní 1887, Jordan ará Faransé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìlà tí ó bá yí ká tí ó padà bá ara rẹ̀, tí kò sì dábùú ara rẹ̀, pín ilẹ̀ sí méjì: inú kan àti òde kan. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín pé ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ọgbọ́n kan ti jáde. Bí ẹ bá wà nínú òkùnkùn, tí ẹ kò mọ̀ bóyá inú ọgbà ni ẹ wà tàbí òde, ẹ kọjú sí ọ̀nà kan, kí ẹ máa lọ tààrà títí ẹ ó fi dé ibi tí ó jìnnà réré, kí ẹ máa ka iye ògiri tí ẹ gbà kọjá. Ògiri kọ̀ọ̀kan ń yí inú padà sí òde, tàbí òde padà sí inú. Òde ni ẹ parí sí. Nítorí náà, bí iye ògiri bá jẹ́ 1 tàbí 3 tàbí 5, inú ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0 tàbí 2 tàbí 4, òde ni.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ilẹ̀ wa tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Aládùúgbò kan gbẹ́ kànga sí 20 ní ìlà-oòrùn àti 40 ní àríwá. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ń pariwo pé inú ilẹ̀ òun ni. Ó ní láti 0 dé 156 ni ilẹ̀ òun lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì lọ láti 0 dé 48 sí àríwá. 20 àti 40 kò ha wà láàrin wọn bí? Ẹ dúró síbi kànga, kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ ó gba ààlà kan kọjá ní 30, ẹ ó gba òmíràn kọjá ní 150. Méjì ni. Òde ni kànga wà, aládùúgbò jàre.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Shimrat tẹ ọgbọ́n yìí jáde ní èdè kọ̀ǹpútà nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Kò kún ojú ewé kan. Ọdún náà ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, ọdún náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń yọrí ní Ìkẹjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ẹlòmíràn tẹ àtúnṣe jáde: ètò Shimrat ní àṣìṣe. Ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì kà, ó gba oṣù mẹ́rin kí a tó tún un ṣe.

Níbo ni ewu rẹ̀ wà? Ní igun ni. Bí ẹ bá ń lọ tààrà nínú òkùnkùn, tí ẹ sì bá igun ògiri gan-an pàdé, ògiri kan ni ẹ kọjá ni, tàbí méjì? Bí ẹ bá kà á ní méjì níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan, ẹ ti sọ onílé di àjèjì. Òfin tí ó yanjú rẹ̀ ni pé kí a ka ìlà kan kìkì bí ìdí rẹ̀ kan bá wà lókè ọ̀nà wa, tí ìdí kejì sì wà lórí ọ̀nà náà tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Báyìí, igun kan kò lè di èyí tí a kà lẹ́ẹ̀mejì lódì. Ewu kejì ni ẹni tí ó wà lórí ààlà fúnra rẹ̀. Òun kò sí nínú, kò sí lóde. A níláti kọ́kọ́ wá a jáde kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ògiri. Ewu kẹta ni ìpín. Kọ̀ǹpútà tí ó bá pín 1 sí 3 yóò gé ìrù rẹ̀ níbì kan, èyí tí ó gé yẹn sì lè gbé ènìyàn fò kọjá ààlà.

Ọ̀nà àtiyẹra fún ìpín ni ìṣirò tí a ti ṣe lẹ́ẹ̀kan. Láti igun kìíní, ẹ kọjú sí igun kẹrin tí ó wà ní 36 àti 48. Kànga wà ní 20 àti 40. 36 lọ́nà 40 jẹ́ 1,440. 20 lọ́nà 48 jẹ́ 960. Ìyókù jẹ́ 480. Nítorí pé ó ju òdo lọ, kànga wà ní ọwọ́ òsì yín, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá kéré sí òdo, ọwọ́ ọ̀tún ni ìbá wà; bí ó bá jẹ́ òdo gẹ́lẹ́, kànga ìbá bọ́ sójú ìlà náà. Kò sí ìpín níbẹ̀, kò sí ìrù tí a gé. Ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò kan náà tí ó sọ títóbi ilẹ̀ ni ó sọ apá tí ènìyàn wà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan ti mọ méjèèjì.

Níhìn-ín ni àwọn ọmọ wa tí ń díje ti máa ń ṣubú. Ìdíje àwọn yunifásítì tí a ń pè ní ICPC bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní Amẹ́ríkà ní 1970, àwọn yunifásítì Nàìjíríà náà sì ń bá wọn kópa. Ọmọ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan, kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ń lò, wákàtí márùn-ún ni wọ́n ń fún wọn. Àwọn onídàájọ́ ní àpẹẹrẹ tí wọn kò fi han ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi dán ètò àwọn ọmọ náà wò. Bí ètò bá gba mọ́kàndínlógún nínú ogún, tí ó sì kùnà ogún, kò gba nǹkan kan. Àwọn kan á pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí igun náà bóyá mọ́kàndínlógún tó fún òun.

Nítorí kì í ṣe eré ni ọ̀ràn yìí ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, òfin ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ó sì ti yọ̀ǹda apá kan padà fún àwọn abúlé, tí ó tẹ ààlà wọn jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lónìí, ó yẹ kí ó mú nọ́ńbà igun rẹ̀ lọ sí ọ́físì Awọnlẹ̀ Àgbà ní Aláùsá, kí wọ́n fi í sórí àwòrán ilẹ̀, kí ó lè mọ̀: inú ni tàbí òde? Bí ó bá jẹ́ inú èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀, ìwé àdéhùn, ìwé owó àti àdúrà ìwọlé kò ní dá katakata dúró ní ọjọ́ tí ó bá dé.

Ìṣirò lè tọ̀nà kí ìdáhùn sì ṣì. Ìdí ni pé nọ́ńbà igun kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá sọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwòrán ilẹ̀ wa àtijọ́ fi òkúta kan ní Minna ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo Nàìjíríà. Fóònù alágbèéká tí ń gba ọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀run ń ka tirẹ̀ láti inú ètò mìíràn. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà fóònù sórí àwòrán Minna láìtún un ṣe, àṣìṣe rẹ̀ tó láti gbé ilé kan kúrò ní òpópónà rẹ̀ lọ sí òmíràn. Irú ewu mìíràn tún wà tí kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè rí i: kí ẹnì kan hú òpó sìmẹ́ńtì ní òru kí ó sì tún un rì síbòmíràn. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí àgbà tí ó rin ààlà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tún di ohun iyebíye. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 nítorí ọmọ onílẹ̀ tí ń fi ipá gba dúkìá ṣe rere, ṣùgbọ́n òfin ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ìjà bá dé. Ìṣirò lè ṣe tirẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ní ìhà kejì ìlú náà, àdúgbò Òtìgbà tí ó jẹ́ ilé gbígbé tẹ́lẹ̀ ti di ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Obì lọ, ilé iṣẹ́ dé. Ilé iṣẹ́ kan lọ, ọjà dé. Igun ilẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ìbéèrè wa sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn kan rò pé ìṣirò jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ìtàn àti òwe nìkan sílẹ̀ fún Yorùbá. Ẹ wo ohun tí a ti ṣe nínú ojú ewé díẹ̀ yìí. A wọn ilẹ̀, a rí ìdá kan nínú márùn-ún tí okùn gbé pamọ́, a sì dá ẹjọ́ kànga, láìjáde kúrò nínú èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá. Bí ẹ bá padà sílé ní àkókò ìsinmi, ẹ bèèrè ìwé sọ́fè ilẹ̀ bàbá yín. Ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, kí ẹ bá wọn ka nọ́ńbà igun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà lójú wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú yín rin ààlà náà, láti òpó dé òpó, títí ẹ ó fi padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.